Òru Kẹta

Wọ́n ti ṣe ìpá mi, wọ́n ti rán an, ojú abẹ ti ń san.
Dókítà ṣí báńdéèjì, ó mi orí, ó ní ó dáa,
ọ̀la, Bàbá, ẹ ó máa lọ sí Òǹdó.
Mo ti ń ka iye kòtò tí mọ́tò yóò já sí
láti Àkúrẹ́ dé Ọ̀wẹ̀nà,
mo ti ń fọwọ́ di ìsàlẹ̀ ikùn dè é.

Àṣé ẹsẹ̀ lọ̀rọ̀ kù sí.

Ní agogo méjì òru, nígbà tí bíríkìlà ará Ìdànrè
tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ń hanrun,
nǹkan kan jí nínú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi.
Kò kanlẹ̀kùn.
Ó kọ́kọ́ gbóná bí ẹni na ẹsẹ̀ sún mọ́ àdògán,
lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ egungun, díẹ̀ díẹ̀,
bí eku tó rí àpò kòkó tí ọdẹ ti sùn tì.
Aṣọ ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn fara kàn án,
mo ké orúkọ ìyá mi,
ẹni tó ti kú lọ́dún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn tan iná. Ojú abẹ ló kọ́kọ́ wò.
"Ibẹ̀ kọ́. Ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ sí i."
Ó wo ẹsẹ̀ tó pọ́n bí tàtàṣé, ó wo fáìlì, ó wò mí.
"Bàbá, ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ní gáòtì."

Mi ò sọ.
Ogójì ọdún ni mo fi ṣe gíredà kòkó,
èso kan tó bu kò gba iwájú mi kọjá rí.
Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọdébìnrin yìí mú bírò,
tó ní oògùn wo lẹ ń lò nílé,
mo ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, mo panu mọ́.
Wọ́n ní àìsàn olówó ni.
Èmi tí owó ìfẹ̀yìntì mi ń bọ̀ bí òjò inú ọ̀gbẹlẹ̀,
ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?
Agolo Bọ́nfítà wà lórí rédíò nílé, ní Ọ̀kà,
oògùn funfun wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀,
ó di ọjọ́ mọ́kànlá tí mo ti fọwọ́ kàn án.

Dókítà fa àga. Kí lẹ jẹ kẹ́ ẹ tó wá?
Ọ̀yà, mo ní. Àti bíà ìgò méjì.
Mo rò pé bóyá n kò ní í jí lórí tábìlì yín,
èèyàn kì í fi ebi dágbére.
Lẹ́yìn náà ẹ ní n má jẹ, n má mu;
iná lọ, jẹnẹrétọ̀ yarí, ilẹ̀ tún ṣú,
ètè mi gbẹ bí èèpo kòkó lórí ẹní.
Oògùn tó ń mú mi tọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní n dá a dúró.

Ó dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ yẹn.
Ó wáá ní: omi gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ki,
ohun tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde lọ jókòó sí oríkèé,
ó di iyọ̀, iyọ̀ di abẹ́rẹ́.
Abẹ fúnra rẹ̀ sì ń da ara láàmú:
ara ò mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ló ń gún òun.
Òru kẹta, ìkẹrin, ló sábà máa ń dé.
Mo rẹ́rìn-ín. Ojú abẹ ta mí.

Mọríyẹbá gbé agolo náà dé lọ́sàn-án,
eruku Ọ̀wẹ̀nà lójú rẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ni wọ́n tẹ̀ síwájú bíríkìlà, tí wọ́n ó là lọ́la.
Ìbídùn mú bírò. Àìsàn kankan? Oògùn kankan?
Ọkùnrin náà wo àjà. "Rárá o. Ara mi le koko."
Mi ò wí nǹkan kan.
Mo ká aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ mi,
mo sì nà án sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti bọ́ sí i.